Òdòdó Ẹnu Ọ̀nà Ilé Àjùmọ̀gbé: Ta Ni Yóò Máa Bomi Rin Ín?

Nínú ilé fúláàtì tí ìdílé mẹ́fà tàbí mẹ́jọ jọ ń gbé, ibì kan wà tí kò ní ẹni tó ni ín. Ibẹ̀ ni ẹnu ọ̀nà tí gbogbo wọn ń gbà wọlé. Inú yàrá kálukú mọ́ tónítóní, àga wà nípò àga, kọ́tìnì ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Ẹ ṣílẹ̀kùn síta báyìí, ẹ ó bá táyà ọkọ̀ tó ti gbó, kẹ̀kẹ́ ọmọdé tó ti kán, kẹ́ẹ̀gì òfìfo àti páálí tẹlifíṣọ̀n nídìí àtẹ̀gùn. Bẹ́ẹ̀ ló rí ní púpọ̀ nínú àwọn ẹ́sítéètì tí ìjọba Lateef Jakande kọ́ sí Èkó láàárín ọdún 1979 sí 1983. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní àwọn ilé alájà mẹ́ta tí oníkálukú ń kọ́ lónìí ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti Òṣogbo.

Àwọn ayálégbé kan ti ń gbé òdòdó inú ìkòkò sí irú ibẹ̀ báyìí. Èrò tó dára ni. Ewé tútù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri máa ń jẹ́ kí ojú ti ẹni tó fẹ́ da ìdọ̀tí síbẹ̀, ó sì ń mú kí ara tu ẹni tó ti ibi iṣẹ́ dé. Ṣùgbọ́n ẹ padà lọ wò ó lẹ́yìn oṣù mẹ́ta: ewé ti gbẹ, ọ̀rá píọ̀wọ́tà ti kún inú ìkòkò, ẹ̀fọn sì ti fi àwo ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣelé. Òdòdó kọ́ ló jẹ̀bi. Wọ́n ra òdòdó, wọn kò yan olùtọ́jú. Ọ̀rọ̀ tí mo ní fún ẹ̀yin tí ẹ jọ ń gbé ilé kan náà kò pọ̀: iye òdòdó tí ẹ bá ti rí ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀ ni kí ẹ gbé sẹ́nu ọ̀nà, ẹ má fi ẹyọ kan lé e.

Ìpàdé ni kó ṣáájú ọjà

Ní agbo ilé àwọn baba wa, ìloro kì í dọ̀tí pẹ́. Àwọn ìyàwó ilé àti ọmọdé ló ń gbá a láràárọ̀, kálukú sì mọ ibi tí ìgbálẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé. Bí ibì kan bá kù, baálé mọ ẹni tí yóò pè. Ilé fúláàtì kò ní baálé. Onílé lè wà ní Àbújá tàbí Lọ́ńdọ̀nù, ayálégbé òkè sì lè máà mọ orúkọ ti ìsàlẹ̀. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ pe ìpàdé, kí onílé tàbí alábòójútó ilé sì gbọ́ sí i.

Ètò tó máa ń ṣiṣẹ́ jù ni kí ìkòkò kọ̀ọ̀kan ní fúláàtì tirẹ̀. Kí ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn jẹ́ ti Màmá Táyé, kí ẹ̀gbẹ́ géètì jẹ́ ti Bàbá Rẹ̀mí. Bó bá gbẹ, a mọ ẹni tí a ó bi. Ẹni tó bá ń rìnrìn àjò yóò fi tirẹ̀ lé aládùúgbò kan lọ́wọ́ kó tó lọ. "Gbogbo wa la ó jọ máa bomi rin ín" ni ètò tó ń pa òdòdó: lónìí ènìyàn mẹ́ta á bu omi sí i, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó tẹ̀lé e ẹnì kankan kò ní yà síbẹ̀. Ẹ má sì di ẹrù náà lé máígáàdì lórí láìfi nǹkan kún owó rẹ̀.

Èwo ni ká gbìn?

Ìmọ́lẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bí ẹ kò bá lè ka ìwé ìròyìn níbẹ̀ lọ́sàn-án gangan láìtan iná, kò sí òdòdó tí yóò pẹ́ níbẹ̀. Irú ibẹ̀ ń fẹ́ ìkòkò méjì tí yóò máa gba ipò ara wọn: kí ọ̀kan wà nínú ilé fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, kí èkejì wà lábẹ́ ìbòòji níta, kí ẹ sì máa pààrọ̀ wọn.

Níbi tí ìmọ́lẹ̀ bá dé díẹ̀, ẹ má wá ohun tó jìnnà. Èyí tí àwọn àgbà ń pe irú rẹ̀ ní ọjá ìkookò, tí àwọn tó ń ta òdòdó lẹ́bàá títì ń pè ní snake plant, ọmọ ilẹ̀ wa ni. Láti Nàìjíríà títí dé Congo ló ti ń hù fúnra rẹ̀. Ewé rẹ̀ nípọn, ó ń fi omi pamọ́, ó lè lo ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta láìsí pé ẹnikẹ́ni bomi rin ín.

Pèrègún náà wà níbẹ̀. Dracaena fragrans ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é. Àwọn tó ń gbé nílùú òtútù ń fi owó gidi rà á sínú ilé, àwa sì ń fi í pààlà ilẹ̀. Gígé la ń gé igi rẹ̀ rì mọ́lẹ̀, yóò sì yọ. Àmọ́ ẹ sọ ọ́ ní ìpàdé kí ẹ tó gbé e wọlé, torí àwọn kan kò mọ̀ ọ́n ju ewé ojúbọ lọ. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́, ẹ fi sílẹ̀. Àlàáfíà ilé ju ewé lọ.

Owó kò yẹ kó dá yín dúró. Ẹ tọrọ ẹ̀ka lọ́wọ́ ará àdúgbò. Rọ́bà ọ̀dà tó ti tán, irú èyí tí wọ́n fi ń wọn gàrí lọ́jà, tó ìkòkò: ẹ fọ̀ ọ́, ẹ lu ihò mẹ́rin tàbí márùn-ún sí ìdí rẹ̀, ẹ kun gbogbo wọn ní àwọ̀ kan náà kí wọ́n lè bára mu. Ilẹ̀dú tí a pò mọ́ yanrìn díẹ̀ ni kí ẹ fi kún un. Ìgbẹ́ adìẹ tútù kò gbọdọ̀ wọ inú ilé, torí òórùn rẹ̀ yóò lé àlejò, ó sì ń jó gbòǹgbò.

Omi àpọ̀jù ń pa òdòdó inú ilé ju òùngbẹ lọ. Ẹ ti ìka bọ ilẹ̀ inú ìkòkò. Bó bá ṣì tutù nísàlẹ̀, ẹ fi sílẹ̀. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ tí omi wọ́n, omi tí a fi ṣan ìrẹsì tàbí ẹ̀fọ́, tí kò ní iyọ̀ àti ọṣẹ, tó fún un. Tí ọyẹ́ bá dé, ẹ fi aṣọ tútù nu eruku ojú ewé.

Omi tó dúró ń bí ẹ̀fọn

Àwọn tó dàgbà tó nínú wa yóò rántí wolé-wolé, tó máa ń yẹ inú àmù wò bóyá tanwíji wà níbẹ̀. Wolé-wolé kò yà sílé wa mọ́ bíi ti àtijọ́, ṣùgbọ́n tanwíji kò tíì fẹ̀yìn tì. Ẹ̀fọn tí wọ́n ń pè ní Aedes aegypti fẹ́ràn omi díẹ̀ nínú ohun kékeré: àwo ìsàlẹ̀ ìkòkò, ìgò tí wọ́n ki ẹ̀ka òdòdó bọ̀, táyà tó wà nídìí àtẹ̀gùn. Ara ohun náà, lókè ibi tí omi dé, ló ń yé ẹyin sí. Ẹyin yìí lè wà ní gbígbẹ fún ọ̀pọ̀ oṣù, kó sì pa lọ́jọ́ tí omi bá kàn án. Nínú ooru ilẹ̀ wa, bí ọjọ́ méje sí mẹ́wàá tó kó ti ẹyin di ẹ̀fọn tó ń fò.

Ọ̀sán ló máa ń jẹni jù, nítorí náà nẹ́ẹ̀tì tí a ń ta lálẹ́ kò gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ló ń gbé ibà pọ́njú tí wọ́n ń pè ní yellow fever kiri, àti àrùn dengue. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017, ibà pọ́njú tún yọjú ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn ní ìpínlẹ̀ Kwara, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí a ti rò pé ó ti lọ. Ẹ da omi àwo nù kí ọ̀sẹ̀ tó pé, kí ẹ sì fi kànìnkànìn ha inú rẹ̀, torí dída omi nù nìkan kò ká ẹyin tó ti lẹ̀ mọ́ ọn kúrò. Ẹni tí kò bá ráyè èyí, kó rọ yanrìn kún àwo náà.

Ọmọdé kì í béèrè kó tó jẹ ewé

Dieffenbachia, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní dumb cane, jẹ́ òdòdó eléwé gbòòrò tí àmì funfun tàbí ìyeyè kún ojú rẹ̀. Ó rẹwà, ó sì wọ́pọ̀ ní hòtẹ́ẹ̀lì àti ọ́fíìsì wa. Ìdílé kan náà ni òun àti kókò. Ohun wẹ́wẹ́ ṣóṣóró tó ń mú kí kókò tútù yún ni lọ́fun, calcium oxalate, ló kún inú rẹ̀. Bí ọmọ bá jẹ ẹ́, ẹnu á máa ta á, ahọ́n rẹ̀ lè wú débi pé kò ní lè sọ̀rọ̀. Peace lily àti èyí tó ń fà tí wọ́n ń pè ní money plant ní irú rẹ̀ nínú. Níbi tí ọmọ tó ń rákò bá wà, ẹ má gbé dumb cane wá rárá. Ẹ gbé àwọn yòókù kọ́ sókè.

Bó bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ nu ẹnu ọmọ náà, ẹ fi omi ṣàn án, ẹ fún un ní omi tútù mu díẹ̀díẹ̀. Ẹ má fi epo pupa rọ ọ́, ẹ má sì fi ipá mú un bì. Bí ẹnu bá ń wú tàbí tí èémí ń le, ilé ìwòsàn ló kàn, kí ẹ sì mú ewé náà dání.

Ẹ má dí ọ̀nà

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ọ̀nà àtẹ̀gùn ni gbogbo ilé yóò sá gbà bí iná bá sọ lóru, nínú òkùnkùn àti èéfín. Kò gbọdọ̀ sí ìkòkò lórí àtẹ̀gùn, lẹ́nu ilẹ̀kùn tàbí níwájú àpótí iná mànàmáná. Kí ọ̀nà fẹ̀ tó tí ènìyàn méjì fi lè gbé aláìsàn kọjá láìfẹsẹ̀ kọ. Ẹ̀yin èèyàn wa tó wà nínú fúláàtì ní England, ẹ béèrè lọ́wọ́ onílé kí ẹ tó gbé ohunkóhun síta: òfin ààbò iná ọdún 2005 ka ibi àjùmọ̀lò sí ibi tí onílé gbọ́dọ̀ dáàbò bò, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sì gbà kí nǹkan kan wà níbẹ̀.

Ohun kan tún wà tí àwọn òǹtajà máa ń sọ, pé òdòdó ń fọ afẹ́fẹ́ ilé mọ́. Ìwádìí tí NASA ṣe jáde lọ́dún 1989 ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n inú àpótí kékeré tí wọ́n dé pa ni wọ́n ti dán an wò. Nígbà tí Cummings àti Waring ti Yunifásítì Drexel ní Amẹ́ríkà tún irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ yẹ̀ wò lọ́dún 2019, wọ́n rí i pé kí òdòdó tó lè ṣe iṣẹ́ tí afẹ́fẹ́ tó ń wọlé tó ń jáde ń ṣe, yóò tó 10 sí 1000 nínú mítà kan níbùú lóròó. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má gbé jẹnẹrétọ̀ sí ẹnu ọ̀nà kó ní òdòdó yóò gba èéfín rẹ̀. Èéfín yẹn ń pànìyàn. Ìta gbangba, jìnnà sí fèrèsé, ni ipò jẹnẹrétọ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìkòkò méjì. Bí méjèèjì bá ṣì tutù yọ̀yọ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ẹ fi méjì kún un. Bí wọ́n bá kú, ẹ kó wọn kúrò, ẹ gbálẹ̀, ẹ kun ògiri, kí ẹ sì fi gílóòbù tó ń tàn sí àtẹ̀gùn. Ẹnu ọ̀nà tó mọ́ tí kò ní òdòdó sàn ju èyí tí òdòdó gbígbẹ kún lọ.