Kábúrẹ́tọ̀ kọ́ ló jẹ̀bi, ẹ wo họ́ọ̀sì epo yín ná

Tí epo bá ti ń kán lábẹ́ máṣíìnì, gbólóhùn kan ló sábà máa ń jáde lẹ́nu mẹkáníìkì: "Kábúrẹ́tọ̀ yìí ti kú, ẹ lọ ra òmíràn." Ẹni tó ni máṣíìnì á wá owó, á sáré lọ sí Ládìpọ̀, á ra tuntun, wọ́n á bá a dè é. Kò ní pẹ́ kò ní jìnnà, epo á tún bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Èrò tèmi ni pé nínú ọ̀pọ̀ irú ẹjọ́ yìí, kábúrẹ́tọ̀ kọ́ ni ọ̀daràn. Họ́ọ̀sì epo tó ti gbó ni, àti ìdọ̀tí inú táǹkì. Kábúrẹ́tọ̀ tuntun ò sì lè wo họ́ọ̀sì tó ti jẹrà sàn.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tá a wà ní Oshodi àti Isolo gan-an. Láti ọjọ́ 1, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2022 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti fòfin de ọ̀kadà ní Oshodi-Isolo, pẹ̀lú Mushin, Somolu àti Kosofe, lẹ́yìn tí wọ́n ti kọ́kọ́ lé e kúrò ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà mìíràn ní oṣù kẹfà ọdún yẹn. Òfin jáde lóòótọ́, àmọ́ irin ò ní ẹsẹ̀ tó máa fi rìn lọ fúnra ẹ̀. Àwọn Boxer, Jincheng àti Suzuki AX100 tó ń ná Cele, Ajao Estate àti Mafoluku nígbà yẹn, ẹ ṣì máa rí lára wọn lẹ́yìnkùlé, nínú kọ́rídọ̀, lábẹ́ àtẹ̀gùn, tí wọ́n fi tapólì bò. Nígbà tó bá yá, ẹnì kan á ní òun fẹ́ jí i (kì í ṣe olè o, jíjí dìde ni mò ń sọ), bóyá kó lè gbé e lọ sílé, bóyá kó lè tà á fún ẹni tó wà ní Ọ̀tà. Ọjọ́ tó bá jí i gan-an ni epo á máa dà bí omi ẹ̀rọ.

Kí ló dé? Ẹ fojú inú wo táǹkì omi orí ilé yín. Bọ́ọ̀lù kan wà nínú ẹ̀. Bí omi ṣe ń kún ni bọ́ọ̀lù ń gòkè, tó bá dé ibi tó yẹ, á ti ẹnu páìpù pa. Tí iyanrìn díẹ̀ bá há síbẹ̀, ẹnu páìpù ò ní tì dáadáa mọ́, omi á máa ṣàn sílẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́, àwọn ará ilé á sì máa pariwo. Bí kábúrẹ́tọ̀ náà ṣe rí nìyẹn. Ife kékeré kan wà nísàlẹ̀ ẹ̀ tí epo ń dúró sí. Nínú ife yẹn ni fúlọ́ọ̀tì wà, òun ni bọ́ọ̀lù tiwọn. Tí epo bá kún dé ìwọ̀n, fúlọ́ọ̀tì á ti abẹ́rẹ́ kan sókè, abẹ́rẹ́ yẹn á sì dí ọ̀nà epo. Orí abẹ́rẹ́ náà kéré gan-an, kò ju ẹnu bírò lọ. Èérún rọ́bà tí ojú ò tiẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ rí ti tó láti má jẹ́ kó dí i. Epo á kún àkúnwọ́sílẹ̀, á gba ihò ìsàlẹ̀ jáde.

Níbo wá ni èérún rọ́bà ti wá? Inú họ́ọ̀sì ni.

Họ́ọ̀sì epo gidi, rọ́bà tí wọ́n ń pè ní nitrile ni wọ́n sábà fi ń ṣe é, torí pé epo kì í tètè wọnú ẹ̀. Rọ́bà túùbù táyà ò rí bẹ́ẹ̀. Epo bẹntiróò máa ń wọ inú ẹ̀, á wú, á rọ̀, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í ya wẹ́wẹ́. Àwọn míì á lọ wá rọ́bà funfun tó ń dán, bí èyí tí wọ́n fi ń fa omi sára aláìsàn, wọ́n á fi ṣe họ́ọ̀sì torí pé a lè rí epo nínú ẹ̀. Ó dáa lójú. Àmọ́ èròjà kan wà nínú rọ́bà yẹn tó ń mú un rọ̀, epo á fọ èròjà yẹn jáde díẹ̀díẹ̀, rọ́bà á gan bí igi, á sán níbi tó ti kọ́. Nitrile pàápàá ń darúgbó: ooru ẹ́ńjìnnì ń bẹ lábẹ́ ẹ̀, oòrùn ń bẹ lókè.

Ẹ sì rántí oṣù kejì ọdún 2022. Àjọ NMDPRA ló kéde nígbà yẹn pé epo kan wọ orílẹ̀-èdè yìí tí methanol inú ẹ̀ ju ohun tí Nàìjíríà fọwọ́ sí lọ, ìlà epo sì gùn kiri ìgboro. Methanol fẹ́ràn omi, ó ń fà á mọ́ra. Ó ń ba àwọn rọ́bà kan jẹ́, ó sì ń jẹ irin fífúyẹ́ bíi aluminium, irú irin tí wọ́n fi ń ṣe ara kábúrẹ́tọ̀. Máṣíìnì tó bá mu irú epo bẹ́ẹ̀, tí wọ́n tún wá gbé jókòó láti oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà, èmi ò ní fi owó mi lé họ́ọ̀sì ẹ̀ lórí.

Kódà epo tó dáa, tó bá ti pẹ́ nínú ife kábúrẹ́tọ̀, apá tó fúyẹ́ nínú ẹ̀ á fẹ́ lọ sínú afẹ́fẹ́, ìyókù á dì bíi gọ́ọ̀mù, á lẹ̀ mọ́ abẹ́rẹ́ àti ihò jẹ́ẹ̀tì. Ìdí nìyẹn tí máṣíìnì tó dúró fi máa ń yọ èèyàn lẹ́nu ju èyí tó ń rìn lójoojúmọ́ lọ.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan ti ń sọ lọ́kàn ẹ̀ pé, "Ṣebí ọṣẹ la máa ń fi dí i." Ká sọ òótọ́, ọṣẹ ń ṣiṣẹ́. Ọṣẹ kì í yòrò nínú epo bẹntiróò, torí náà tẹ́ ẹ bá fi ọṣẹ líle rẹ́ ojú tó ń jò, á dí i dé ilé. Àmọ́ omi ni ọṣẹ ń yòrò sí, Èkó yìí sì rèé, òjò ò ní gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọgbọ́n ojú pópó ni, kì í ṣe àtúnṣe. Ẹni tó bá fi ọṣẹ gun máṣíìnì fún oṣù kan ń tan ara ẹ̀ jẹ ni.

Ẹ jẹ́ ká tiẹ̀ ṣírò owó tó ń dà sílẹ̀. Ẹ̀kán epo kéré ju ẹ̀kán omi lọ, torí pé epo ò lè di ara ẹ̀ mú tó omi. Nǹkan bí 50 ẹ̀kán ló máa kún mìlílítà kan. Tí ẹ̀kán kan bá ń bọ́ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, 3,600 ni láàárín wákàtí kan, ìyẹn mìlílítà 72. Láti aago mẹ́jọ alẹ́ sí aago mẹ́fà òwúrọ̀, ó di 720, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún ìgò omi 75cl. Nígbà tí lítà epo wà ní ₦185 l'Ékòó, a lè máa pòṣé lásán. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, tó fò lọ sí ₦488 láàárín ọjọ́ mélòó kan, oúnjẹ ọmọ ló ń kán sílẹ̀ yẹn.

Owó sì tún kéré sí ohun tó ń bà mí lẹ́rù. Nínú èdè wa, ohùn kan péré ló ya jíjò àti jíjó sọ́tọ̀. Oru epo wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta, torí náà kì í lọ sókè bí èéfín. Ilẹ̀ ló ń rá gbà, ó ń wọ abẹ́ ilẹ̀kùn. Tó bá ti tó nǹkan bí 1.4 nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ ibẹ̀, iná kékeré kan ti tó o. Ẹ wá ro ti ilé face-me-I-face-you n'Ísọlọ̀, tí máṣíìnì wà nínú kọ́rídọ̀ ní gbogbo òru, tí ẹnì kan sì ń tan sítóòfù kẹrosíìnì ní aago márùn-ún àárọ̀ nítòsí ibẹ̀. Ẹni tó ń se oúnjẹ ò gun máṣíìnì rí láyé ẹ̀. Torí ẹ̀ ni mo fi sọ pé ọ̀rọ̀ epo tó ń jò kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni tó ni máṣíìnì nìkan. Tí ẹ bá ti páàkì, ẹ ti táàpù epo. Kò ná yín ní kọ́bọ̀.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ ẹni tó jẹ̀bi gan-an, ẹ gbé máṣíìnì síta, kí ẹ́ńjìnnì tutù, kí iná jìnnà. Ẹ fi àkísà nu gbogbo ara kábúrẹ́tọ̀ àti họ́ọ̀sì gbẹ, ẹ wá ṣí táàpù, kí ẹ máa wò. Ibi tó bá kọ́kọ́ tutù ló máa sọ̀rọ̀. Tó bá jẹ́ ẹnu họ́ọ̀sì, họ́ọ̀sì tàbí kílíìpù ni. Tó bá jẹ́ etí ife, rọ́bà tó yí i ká ló ti lọ. Tó bá jẹ́ ihò ìsàlẹ̀ ni epo gbà, abẹ́rẹ́ tàbí fúlọ́ọ̀tì ni: ẹ wò ó bóyá àmì òrùka ti wà lórí abẹ́rẹ́, ẹ mi fúlọ́ọ̀tì létí yín bóyá epo ti wọ inú ẹ̀. Ẹ gbọ́ òórùn ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì náà, pàápàá tó bá jẹ́ Boxer. Tó bá ń rùn bí epo bẹntiróò, epo ti gba inú ẹ́ńjìnnì wọlé, ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì kí ẹ tó tà á.

Ohun mìíràn tó ń bí mi nínú ni wáyà tí wọ́n ń fi gún jẹ́ẹ̀tì. Idẹ ni jẹ́ẹ̀tì, ó rọ̀, ihò ẹ̀ ò sì sábà tó mìlímítà kan. Tẹ́ ẹ bá fi wáyà fẹ ihò 0.9 di 1.0, ojú ihò ti fi nǹkan bí 23 nínú ọgọ́rùn-ún tóbi sí i. Ẹ́ńjìnnì tó ń fẹ́ nǹkan bí kílò afẹ́fẹ́ 14.7 sí kílò epo kan á wá máa mu epo bí ọ̀mùtí, plọ́ọ̀gì á dúdú, wọ́n á tún ní kábúrẹ́tọ̀ ló kú. Ẹ rẹ ẹ́ sínú epo mímọ́, kí ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i.

Mi ò dá mẹkáníìkì nìkan lẹ́bi o. Oníbàárà ló fẹ́ràn àtisanwó fún ohun tó ń dán. Họ́ọ̀sì tuntun, kílíìpù méjì àti fílítà kékeré kan láàárín ò dá ẹnikẹ́ni lọ́rùn, bẹ́ẹ̀ gbogbo ẹ̀ pọ̀ kò tó owó kábúrẹ́tọ̀. Ọmọ iṣẹ́ tó ń fọ kábúrẹ́tọ̀ látàárọ̀ náà ò rẹ́ni sọ fún un pé kó kọ́kọ́ da epo táǹkì sínú ike, kó wo ìpẹtà tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀.

Nígbà míì tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ lọ sí Ládìpọ̀, ẹ sọ pé, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi bíléèdì la họ́ọ̀sì yìí ná." Ẹ fi ìka nu inú ẹ̀, kí ẹ fi ìka náà han ọ̀gá.