Kì í Ṣe Oòrùn Ló Ń Pa Wọ́n

Ẹni tó bá ń to òkúta sí iwájú ilé kó lè gbin òdòdó sí àárín wọn, ní agbègbè Marché Dakar ní Douala, á ti gbọ́ ìmọ̀ràn yìí: bí ewéko òkè olótùútù, irú aubrieta tó ń tẹ́ ilẹ̀ bí ẹní, bá ń rọ, gbé e sábẹ́ ibòji, kí o sì bu omi sí i dáadáa, torí oòrùn wa ti le jù. Ìmọ̀ràn yìí gan-an ló ń tètè pa á. Afẹ́fẹ́ orí òkè gíga fẹ́lẹ́, nítorí náà oòrùn ibẹ̀ mú ju ti ìsàlẹ̀ lọ, ìta gbangba tí kò sí igi sì ni ewéko wọ̀nyí ti ń dàgbà. Ìjì àti òtútù ló mú kí wọ́n lẹ̀ mọ́lẹ̀. Ooru ọ̀sán ni wọ́n ń há mọ́ àárín ewé wọn.

Òru Douala ni ọ̀tá. Ohun tí ewé bá fi ìmọ́lẹ̀ ṣe lọ́sàn-án, ó ń ná nínú rẹ̀ lóru, bí òru bá sì ṣe móoru tó ni ó ṣe ń ná tó. Òru orí òkè kò rí bẹ́ẹ̀: bí a bá gun òkè ní mítà 1,000, ooru á fi nǹkan bí ìwọ̀n 6 lórí òṣùwọ̀n Celsius dín. Òkè Kamẹrúùnù ga ju mítà 4,000 lọ. Ẹ ṣírò rẹ̀. Ní Douala, tó wà létí omi, òru kì í sábà tutù ju ìwọ̀n 22 lọ. Ẹni tó wá fi ibòji dín ohun tí ewé ń rí lọ́sàn-án kù ti mú ebi rẹ̀ le sí i, omi tó ń bù sí i sì ń mú kí gbòǹgbò rẹ̀ rà, ní ìlú tí òjò rẹ̀ ju mìlímítà 3,500 lọ lọ́dún.

Wọ́n á ní Buea, ìlú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè náà, ńkọ́? Lóòótọ́, ìjọba Jámánì kó olú-ìlú lọ síbẹ̀ ní 1901, ibẹ̀ sì tura fún èèyàn. Ṣùgbọ́n nǹkan bí mítà 900 ni. Kò tíì dé ìdá kan nínú mẹ́rin gíga òkè náà. Àwọn mìíràn á ní òkúta àti yanrìn ń jẹ́ kí omi ṣàn lọ. Mo gbà, ìyẹn dára fún gbòǹgbò, àmọ́ òkúta tó ti yá oòrùn látàárọ̀ kì í tètè tutù lálẹ́.

Dípò aubrieta, ẹ wá ìbátan pápásan tí wọ́n ń gbìn fún òdòdó. Ewé rẹ̀ ki, ó ń tọ́jú omi, òdòdó rẹ̀ kì í sì í là dáadáa níbi tí oòrùn kò dé. Ẹ gbìn ín sínú yanrìn láàárín òkúta náà ní Oṣù Kọkànlá, nígbà tí òjò ńlá bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀.