Ìyá Ẹni, Hótẹ́ẹ̀lì àti Ilé Ẹbí

Nígbà tí mo sọ fún ìyá mi, nílé wa ní Ògùdù ní ìlú Èkó, pé kí a lọ fi òpin ọ̀sẹ̀ kan najú ní Abẹ́òkúta, ẹ̀rín gba ẹnu wọn. Àmọ́ bí mo ṣe fi kún un pé hótẹ́ẹ̀lì la máa sùn, ẹ̀rín náà gbẹ. Wọ́n ní, "Àbúrò mi ń bẹ ní Aké, o wá fẹ́ kí n lọ sùn sí hótẹ́ẹ̀lì? Kí ni wọ́n máa ní ó ṣẹlẹ̀ láàárín wa?"

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò, nítorí òótọ́ wà lápá méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ ti hótẹ́ẹ̀lì. Láti Ògùdù, a ó gba afárá Third Mainland, a ó sọ̀ kalẹ̀ ní Adékúnlé, a ó wọ ọkọ̀ ojú irin tó ti ń gbérò láti ọdún 2021 ní Èbúté Mẹ́ta, ó di ibùdókọ̀ Wọlé Ṣóyínká ní Abẹ́òkúta. Yóò ti rẹ ẹni tó ti lé ní àádọ́rin ọdún kó tó débẹ̀. Yàrá tó dákẹ́, tí ilé ìwẹ̀ wà nínú rẹ̀, ni ara rẹ̀ ń fẹ́. Nílé ẹbí, ìyá kì í sinmi. Àlejò á máa wọlé, wọ́n á gbé ẹjọ́ tọkọtaya kan wá síwájú wọn, kó tó di ìrọ̀lẹ́ wọ́n á ti máa bá onílé já ewédú. Ọmọ tó mú wọn wá á sì di ẹni tí wọ́n ń rán níṣẹ́ káàkiri. Ní hótẹ́ẹ̀lì, ìyá àti ọmọ nìkan ló wà. Àwọn ìtàn kan wà tí ìyá kì í sọ níwájú ẹbí.

Ti ilé ẹbí náà kì í ṣe kékeré. Lójú ọ̀pọ̀ àgbà, ibi ọtí àti ìṣekúṣe ni hótẹ́ẹ̀lì. Owó yàrá méjì fún alẹ́ méjì á ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ìgbádùn rẹ̀ pàápàá kò dájú: nígbà kan, yàrá àjà kẹta ni wọ́n fún wa ní hótẹ́ẹ̀lì kan, iná lọ, ìyá mi sì fi orókún tó ń ro wọ́n gun àtẹ̀gùn náà. Ní Aké, láfún ọwọ́ àbúrò wọn ń dúró dè wọ́n. Èyí tó wúwo jù ni pé àbúrò náà ti dàgbà. Ìgbà mélòó ni wọ́n tún fẹ́ jọ sùn sábẹ́ òrùlé kan?

Ibi yòówù kí a sùn sí, rírìn kiri ìlú náà tún nílò ọgbọ́n. Orí àpáta Olúmọ, tó di ààbò àwọn Ẹ̀gbá nígbà tí olórí wọn, Ṣódẹkẹ́, kó wọn dé ní nǹkan bí ọdún 1830, fi mítà 137 ga ju ojú òkun lọ. Ẹ̀rọ agbéniròkè wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ bèèrè bóyá ó ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà kí ẹ tó mú àgbà débẹ̀. Bí kò bá ṣiṣẹ́, ọjà Ìtòkú wà, níbi tí ìyá á ti na aṣọ àdìrẹ wò, tí wọ́n á dúnàá-dúrà títí tí ọkàn wọn á fi balẹ̀.

Lójú tèmi, níbi tí òbí bá ti ní ẹbí tó ti dàgbà, kí ilé ẹbí ṣáájú. Bí ìlera wọn bá sọ pé hótẹ́ẹ̀lì ni, kí ọmọ lọ ṣàlàyé fún ẹbí ṣáájú, kí ìyá sì lo ọ̀sán lọ́dọ̀ wọn. Níbi tí wọn ò bá ní ẹnì kankan, kí a gba hótẹ́ẹ̀lì, kí a sì bèèrè yàrá ìsàlẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ fẹ́ ṣe òbí yín lóore, ẹ má kọ́kọ́ sanwó. Ẹ jókòó tì wọ́n, ẹ bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n fẹ́ sùn àti ẹni tí wọ́n fẹ́ rí. Ìdáhùn wọn ni kí ẹ fi ṣètò ìrìn àjò náà.