Etí Bàbá Kọ́ Ló Di



Ní ilé wa ní Onígbòǹgbò, alẹ́ ọjọ́ Àìkú ni gbogbo wa máa ń péjọ sí pálọ̀ láti wo fíìmù. Inú kọ̀ǹpútà mi ní ìyàrá ni àwọn fíìmù náà wà. Wi-Fi ló ń gbé wọn wá sórí tẹlifíṣàn, sípíkà mẹ́fà a sì máa pín ohùn yí wa ká. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í tètè dìde lọ sùn. Nígbà tí mo bi wọ́n, wọ́n ní, “Ọmọ mi, etí mi ti ń di. Orin ni mò ń gbọ́, n kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ.” Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára.

Èmi náà ti ṣàkíyèsí pé ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn òṣèré kò já gaara, ṣùgbọ́n Wi-Fi ni mo di ẹ̀bi rù. Mo ti ń ṣírò owó rútà tuntun tí n óò rà ní Computer Village, n'Ìkẹjà, kí n tó rántí pé bàbá mi ń gbọ́ ìròyìn agogo mẹ́sàn-án ti NTA ketekete, láti ara àwọn sípíkà kan náà. Etí tó gbọ́ ìròyìn, kí ló dé tí kò gbọ́ fíìmù?

Mo wá ń yẹ ọ̀nà tí ohùn ń gbà wò níkọ̀ọ̀kan. Mo da fíìmù kan sínú fláàṣì, mo kì í bọ tẹlifíṣàn láìlo Wi-Fi rárá. Kò yàtọ̀. Wi-Fi jàre. Ohùn Dolby Digital kì í kọjá 640 kilobit ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Àwòrán ló wúwo. Bí Wi-Fi bá ṣàárẹ̀, fíìmù ni yóò máa dúró, kò ní ṣa ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan mú.

Nínú ètò tí wọ́n ń pè ní 5.1, sípíkà márùn-ún ló yí ènìyàn ká, ẹ̀kẹfà sì wà fún ohùn tó ń rinlẹ̀. Èyí tó wà láàárín, lábẹ́ tẹlifíṣàn, ni wọ́n sábà máa ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu sí. Ní ti ìròyìn, ọ̀nà méjì péré ló ń gbà wọlé lọ́dọ̀ wa, òsì àti ọ̀tún.

Mo ní kí ẹ̀rọ tó ń pín ohùn dán àwọn sípíkà wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Òsì dún, ọ̀tún dún, ti ẹ̀yìn dún. Ti àárín dákẹ́. Ìgbà tí a sún kọ́bọ́ọ̀dù láti kun ilé ni wáyà rẹ̀ ti yọ.

Bí tiyín bá bàjẹ́ tí owó òmíràn kò tíì sí, ẹ wọ inú ètò ẹ̀rọ náà, kí ẹ sọ fún un pé kò sí sípíkà àárín. Yóò pín ọ̀rọ̀ ẹnu fún òsì àti ọ̀tún.

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, bàbá mi jókòó títí fíìmù fi parí, wọ́n tún ń bá àwọn òṣèré jiyàn. Mo ní, “Bàbá, etí yín kọ́.” Wọ́n rẹ́rìn-ín: “Èmi ti gbà pé ogbó ló dé.”

Gbólóhùn yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Èmi náà kò gbọ́ àwọn òṣèré dáadáa, n kò sì sọ fún wọn.