Wọ́n Ń Tọ́jú Ọlọ, Àwa Ń Wó Erédò

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní àfonífojì odò Skell, ọlọ kan wà tí omi ń yí. Àwọn ọkùnrin tó jẹ́jẹ̀ẹ́ fún Ọlọ́run, tí wọ́n ń gbé pọ̀ ní Fountains Abbey, ló kọ́ ọ ní ọ̀rúndún kejìlá láti fi lọ ọkà. Ọdún 1927 ló tó sinmi iṣẹ́. Lónìí, tẹbí-tará ń fẹsẹ̀ rìn gba etí odò náà lọ wò ó, wọ́n sì ń sanwó ìwọlé. Láti 1986 ni gbogbo àyíká rẹ̀ ti wà nínú ìwé UNESCO.

Ọlọ o! Ọlọ lásán!

Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ ni mo ti wá, ohun tó sì ń bí mi nínú ni Erédò Ṣùngbọ́ wa: yàrà àti odi yẹ̀pẹ̀ tó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká, tí gígùn rẹ̀ tó 160 kìlómítà. Níbòmíràn, láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí odi tó 20 mítà. Ọwọ́ ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ. Kò sí kàtàpílà nígbà náà. Láti 1995 ni Nàìjíríà ti forúkọ rẹ̀ sínú ìwé àwọn tó ń dúró de UNESCO. A ṣì ń dúró.

Kí la wá ń ṣe títí? Iyàn là ń jà, pé ṣé Bílíkísù Ṣùngbọ́ tí wọ́n ní ó sùn sí Òkè-Èrì ni ayaba Ṣébà. Iyàn náà dùn, èmi náà máa ń gbádùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà mọ́tò ti la odi náà kọjá, oko ti wọ inú yàrà.

Ẹnìkan á ní ebi ń pa ará oko, ṣé yàrà ni yóò jẹ? Ìbéèrè gidi nìyẹn. Àmọ́ ẹ wo Òṣogbo. Susanne Wenger àti àwọn oníṣọ̀nà ìlú náà ti bá àwọn tó fẹ́ gégi tà nínú igbó Ọ̀ṣun jà tipẹ́, kí UNESCO tó dé ibẹ̀ ní 2005. Ta ni kò mọ iye èrò tó ń wọ ìlú náà nígbà ọdún Ọ̀ṣun, tí wọ́n ń jẹun, tí wọ́n ń sùn?

Kí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ wa lànà ẹsẹ̀ sínú yàrà náà láti Òkè-Èrì lọ. Kí àwọn ọ̀dọ́ abúlé máa mú àlejò rìn, kí owó rẹ̀ wọ àpò abúlé. Ẹni tó bá sì fẹ́ yẹ̀pẹ̀ ìkọ́lé, kó lọ rà á níbòmíràn.