Ta Ló Ju Ìlù Nù?

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ládùúgbò wa ní Ìjẹ̀gun-Ẹ̀gbá kan ilẹ̀kùn mi. Ó dọ̀bálẹ̀, ó kí mi dáadáa, ó sì na ìwé pẹlẹbẹ kan sí mi. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wo ohun tí àlejò wa rí nínú ìwé yìí tó fi ń rẹ́rìn-ín." Àlejò tó ń wí ni obìnrin kan tó ti Bahia ní ilẹ̀ Bùràsíìlì wá wo ilẹ̀ àwọn baba ńlá rẹ̀. Àwọn tó ṣètò ìrìn àjò náà kọ ìtàn ọdún ìbílẹ̀ kan ní Yorùbá, wọ́n sì ní kí a túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Potogí kí àwọn àlejò lè rí i kà. Ẹni tí wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ Potogí. Ó kọ́kọ́ yí Yorùbá sí Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn náà ló wá ń fi ìwé atúmọ̀ èdè yí Gẹ̀ẹ́sì sí Potogí, ọ̀rọ̀ kan tẹ̀ lé òmíràn.

Gbólóhùn Yorùbá tí ọ̀ràn ti bẹ̀rẹ̀ kò le rárá. Ó ní: "Onílù lu ìlù lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyálórìṣà, ó ní, 'Ìyá, àkókò ti tó, ẹ̀yin ni a ń dúró dè.'" Ohun tí obìnrin ará Bahia kà ní èdè tirẹ̀ ni pé onílù gbé ìlù, ó jù ú nù, ó sì kọjú sí obìnrin olórìṣà kan, ó ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó rẹ́rìn-ín tán, ó bi ọmọkùnrin náà léèrè pé, "Ṣé bí ẹ ṣe ń ṣe sí ìlù níhìn-ín nìyí?"

Ìbéèrè yẹn dùn mí wọra. Ẹni tí àwọn ènìyàn rẹ̀ fi ẹ̀mí wọn pa ìlù òrìṣà mọ́ nílẹ̀ ẹrú, tí àwọn ọlọ́pàá ń lé wọn kiri nítorí rẹ̀, ló wá sí orísun láti wá kà pé àwa tí a wà nílé ń ju ìlù nù. Mo ní kí n wá ẹni tó jù ú.

Kì í ṣe onílù. Kì í ṣe Potogí náà. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kékeré kan tí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi pàápàá mọ̀ ni: play. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì a máa fi ọ̀rọ̀ kan yìí pe eré ọmọdé, bọ́ọ̀lù gbígbá, ayò títa, ìlù lílù àti fèrè fífun. Yorùbá kì í ṣe bẹ́ẹ̀. A ń gbá bọ́ọ̀lù, a ń ta ayò, a ń lu ìlù, a ń fun fèrè, ọmọdé sì ń ṣeré. Potogí náà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ti bọ́ọ̀lù, wọn a ní jogar. Bí ó bá jẹ́ ti ìlù tàbí gìtá, wọn a ní tocar. Bí ó bá jẹ́ ti ọmọdé tó ń ṣeré, wọn a ní brincar. Jogar yìí kan náà sì ni ará Bùràsíìlì ń lò bí ó bá ju òkúta tàbí tó da pàǹtí nù. Ẹ wò ó: Yorùbá ya ìlù sọ́tọ̀ kúrò lára bọ́ọ̀lù, Potogí náà yà á sọ́tọ̀. Àárín àwọn méjèèjì tí ọ̀rọ̀ wọn bára mu yìí ni a lọ fi èdè kẹta sí, èyí tí kò yà wọ́n sọ́tọ̀ rárá. Ìlù wọ inú Gẹ̀ẹ́sì lọ ní ìlù, ó jáde ní ọ̀nà kejì ní bọ́ọ̀lù.

Ẹ tún wo lẹ́ẹ̀mẹ́ta àti àkókò. Ta ni nínú wa tó lè ṣi àwọn méjèèjì lò? Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni iye tí a ń kà. Àkókò ni ohun tí ó ń tó, tí ó ń kọjá. Potogí mọ ìyàtọ̀ yìí bí a ṣe mọ̀ ọ́n. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni três vezes. Bí àkókò bá tó láti ṣe nǹkan, wọn a ní está na hora. Tempo sì ni ìgbà tí ń lọ, òun kan náà ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ nípa òjò àti oòrùn. Gẹ̀ẹ́sì ní tirẹ̀ pe gbogbo rẹ̀ ní time. Ògbufọ̀ wa rí time lẹ́ẹ̀mejì nínú gbólóhùn rẹ̀, ó sì kọ tempo lẹ́ẹ̀mejì. Bí ìlù tí wọ́n lù lẹ́ẹ̀mẹ́ta ṣe di ìlù tí wọ́n jù fún ìgbà mẹ́ta nìyẹn, tí kò sí ẹni tó mọ ohun tí ó túmọ̀ sí.

Èyí tó burú jù lọ ni ti ẹ̀yin. Yorùbá kì í pe ìyálórìṣà ní ìwọ. Ará Bahia kì í pè é bẹ́ẹ̀ náà. Você ni wọ́n ń pe ẹgbẹ́ ẹni. A senhora ni wọ́n ń pe ìyá àgbà, o senhor sì ni ti bàbá. Àwa méjèèjì ni a tọ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n you kan ṣoṣo ni Gẹ̀ẹ́sì òde òní fi ń pe ọmọ ọwọ́ àti ọba. Ọ̀wọ̀ tó wà nínú ẹ̀yin bọ́ sílẹ̀ ní ẹnu ibodè Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ọ̀rọ̀ fi dé Potogí, onílù tó dọ̀bálẹ̀ ti ń pe ìyá ní você. Ó dọ̀bálẹ̀ ní ara, ó dúró gbọnrangandan ní ẹnu.

Ti ìyálórìṣà fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ògbufọ̀ sọ ọ́ di priestess, ó sì ti ibẹ̀ sọ ọ́ di sacerdotisa, ọ̀rọ̀ tí ènìyàn lè fi pe obìnrin tó ń sin òrìṣà èyíkéyìí ní Gíríìsì àtijọ́. Bẹ́ẹ̀ ialorixá wà lẹ́nu àwọn ará Bahia lójoojúmọ́. Wọ́n ní orixá, wọ́n ní axé, wọ́n ní ebó. Iaô ni wọ́n ń pe ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe òrìṣà, ìyàwó tiwa náà ni. Olórí onílù wọn ni alabê, alágbè tiwa náà ni. Àkàrà tí wọ́n ń dín lẹ́bàá ọ̀nà ní Salvador ni acarajé. Àwọn ọmọ wa gbé ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kọjá òkun, wọ́n fi pa mọ́ fún wa; a wá ń túmọ̀ wọn fún àwọn tó ni wọ́n, a sì ń fi Gẹ̀ẹ́sì túmọ̀ wọn!

Alágbàtà ló ń sọ ọjà di ọ̀wọ́n, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n alágbàtà ọjà ṣì máa ń gbé ojúlówó ọjà dé ọ̀dọ̀ ẹni, owó nìkan ni yóò fi lé e. Alágbàtà èdè a máa pààrọ̀ ọjà náà lójú ọ̀nà. Ohun tí mo ń tako nìyí: àṣà tí a ti sọ di òfin pé kò sí ibi tí Yorùbá lè lọ láyé àfi kí ó gba ẹnu ọ̀nà Gẹ̀ẹ́sì kọjá.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo ń bú Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó ni Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣi play gbọ́. Ọ̀rọ̀ tó yí i ká ni yóò fi mọ èyí tí wọ́n ń wí. Bẹ́ẹ̀ ni Yorùbá náà ní tirẹ̀. Ọdún ni oṣù méjìlá, ọdún náà sì ni àjọ̀dún. Bí a bá dé Potogí, a ó yan ọ̀kan nínú ano àti festa. Mo mọ ọ̀nà, mo mọ Àdùkẹ́: mọ̀ kan náà ni lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n conhecer ni Potogí ń lò fún ènìyàn àti ibi tí a mọ̀, saber sì ni ti ohun tí a kọ́ ní àmọ̀dunjú. Potogí náà ní tirẹ̀: esperar ni kí ènìyàn dúró de ọkọ̀, òun náà sì ni kí ó ní ìrètí. Kò sí èdè tí kò ní àpò tí nǹkan méjì ń gbé. Ẹni tó bá ń túmọ̀ láti èdè kan sí èkejì ní àpò méjì láti tú wò. Kí ló dé tí ó fi ń lọ yá àpò kẹta, tí kì í ṣe ti ẹni tó sọ̀rọ̀, tí kì í sì í ṣe ti ẹni tó ń gbọ́?

Àwọn kan yóò ní, "Gẹ̀ẹ́sì ni a kọ́ nílé ìwé, ta ló gbọ́ Potogí níhìn-ín?" Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ ní Èkó ti gbàgbé ilé. Potogí ló sọ ìlú yìí ní Lagos. Láti àwọn ọdún 1830 ni àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bùràsíìlì, àti àwọn ọmọ wọn, ti ń padà wá sí Èkó, Àgbádárìgì àti Àjàṣẹ́ tí a tún ń pè ní Porto-Novo. Àwọn ni a ń pè ní Àgùdà, tí a fi ń pe àdúgbò wọn ní Pópó Àgùdà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló gbọ́ Yorùbá tó sì gbọ́ Potogí; ẹ̀gbẹ́ kan ẹnu wọn ni wọ́n ti ń mú ọ̀rọ̀, tí wọ́n ń gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Feijão, ẹ̀wà tiwọn, di fùréjọ̀n tí àwọn ará Èkó ń fi àgbọn sè ní ọjọ́ Ẹtì Rere. Kò sí Gẹ̀ẹ́sì kankan tó bá wọn ru ìkòkò náà. Ní 1861 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, èdè ìjọba di èdè ilé ìwé, èdè ilé ìwé di èdè iṣẹ́, Potogí sì kú lẹ́nu àwọn ọmọ Àgùdà. Ọ̀nà tààrà náà wà rí. A ló dí.

Kódà ní agbègbè wa níhìn-ín, Potogí kì í ṣe àjèjì. Àwọn àlejò àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àti àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú ni wọ́n kọ́ Festac Town fún, èyí tí àwa àti wọn jọ wà ní Àmúwo-Ọ̀dọ̀fin. Láti ọjọ́ 15 oṣù kìíní sí ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 1977 ni wọ́n ṣe é. Gilberto Gil, olórin ọmọ Bahia, wà lára àwọn tó wá. Àwọn ilé tí ó rí níhìn-ín wà lára ohun tó mú un pe àwo orin rẹ̀ ti ọdún náà ní Refavela. Àwọn ará ibẹ̀ wá bá wa. Èdè wo ni a fi dá wọn lóhùn?

Àwọn kan ti tọ ọ̀nà tààrà náà, a kò kàn wò wọ́n ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, E. L. Laṣebikan ti ilẹ̀ wa lọ kọ́ni ní Yorùbá ní Yunifásítì Bahia. Ṣáájú rẹ̀, ní 1950, Mestre Didi tí í ṣe ọmọ ibẹ̀ ti tẹ ìwé kékeré kan jáde tó gbé ọ̀rọ̀ Yorùbá sí ẹ̀gbẹ́ Potogí. Pierre Verger, tí Ifá sọ lórúkọ ní Fátúmbí, tẹ ìwé ńlá lórí ewé jáde ní 1995, Yorùbá àti Potogí dojú kọ ara wọn nínú rẹ̀. José Beniste náà gbé ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá sí Potogí jáde ní 2011. Ẹ ka orúkọ wọn dáadáa: yàtọ̀ sí Laṣebikan, kò sí ẹni tí wọ́n bí nílẹ̀ Yorùbá nínú wọn. Iṣẹ́ wa ni àwọn ẹlòmíràn ń bá wa ṣe.

Wọ́n tún lè ní kọ̀ǹpútà yóò ṣe é. Kọ̀ǹpútà kò lè mọ ju ohun tí a fi kọ́ ọ lọ. Ìwé tó so Yorùbá mọ́ Gẹ̀ẹ́sì pọ̀. Èyí tó so Yorùbá mọ́ Potogí kéré. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣe ń gba inú Gẹ̀ẹ́sì kọjá, àṣìṣe ògbufọ̀ wa ni yóò sì máa ṣe, kìkì pé yóò yá ju ti ènìyàn lọ. Bí a kò bá kọ ìwé tààrà, ìlù ni a ó máa jù nù lọ.

Ohun tí mo ń béèrè kò ju agbára wa lọ. Kí àwọn yunifásítì wa tó ń kọ́ni ní Faransé kọ́ni ní Potogí pẹ̀lú, kí akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá lè yàn án. Kí ẹni tó bá sì di dandan fún láti gba inú Gẹ̀ẹ́sì má ṣe ju ìwé Yorùbá sílẹ̀ bí ó ti ń lọ. Kí ó mú un lọ́wọ́ dé òpin, kí ó bi ara rẹ̀ léèrè nídìí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan pé: kí ni wọ́n ń ṣe? Ta ni wọ́n ń ṣe é fún? Ọ̀wọ̀ wo ló wà níbẹ̀? Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹni tó bá ní ọ̀nà kan ṣoṣo ló wọ̀ ọ́ ń dáàbò bo ẹni tó ń gbowó ibodè lójú ọ̀nà náà ni.

Ní ti ìwé pẹlẹbẹ yẹn, mo fi ìwọ̀nba Potogí tí mo gbọ́ jókòó ti àlejò náà lọ́jọ́ kejì, àwa méjèèjì jọ tún un kọ. O alabê tocou o tambor três vezes. Àwọn ọ̀rọ̀ yòókù tẹ̀ lé e, ialorixá ní ipò rẹ̀, a senhora ní ipò tirẹ̀. Nígbà tí ó kà á tán, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó fi ìka lu tábìlì lẹ́ẹ̀mẹ́ta.