Èérí Ethanol Nínú Oúnjẹ Màlúù

Ìyá tí ń sẹ́ ògì kì í da èérí nù nígbà tí ewúrẹ́ ń dúró dè é lẹ́yìnkùlé. Ìdí nìyí tí ìwé ìròyìn yìí kò fi rí ohun ìtìjú kankan nínú bí àwọn olùsìn màlúù ní Amẹ́ríkà ṣe ń fi èérí àgbàdo tí a ti fa ethanol inú rẹ̀ bọ́ ẹran wọn. Láti ìgbà tí òfin ọdún 2005 àti ti 2007 ti ní kí a máa da ethanol mọ́ epo ọkọ̀ ni èérí yìí ti di ọ̀pọ̀ yanturu, ilé iṣẹ́ tí ó sì bẹ̀rẹ̀ ní Camilla, ní gúúsù Georgia, ní 2008 mú un súnmọ́ àwa ará Conyers ní ìpínlẹ̀ kan náà. Ẹni tí ó bá dá a lẹ́bi kìkì nítorí pé èérí ni, kò mọ ọ̀ràn. Ẹni tí ó bá sì dá a láre láìbéèrè ohun tí ó wà nínú rẹ̀, kò bìkítà.

Nígbà tí ìwúkàrà bá ti sọ sítáàṣì àgbàdo di ọtí tán, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìwọ̀n àgbàdo náà ni ó ń ṣẹ́kù, gbogbo ohun tí kì í ṣe sítáàṣì yóò sì ki ní ìlọ́po mẹ́ta nínú ìyókù yìí. Purotéènì tí ó jẹ́ ìdá 8 tàbí 9 nínú 100 yóò di nǹkan bí ìdá 27 sí 30, èrè ńlá sì ni èyí fún màlúù tí ń jẹ koríko gbígbẹ nígbà òtútù. Ṣùgbọ́n aflatoxin, oró tí ń wọ inú àgbàdo nígbà tí ooru àti ọ̀dá bá mú un lóko, ń pọ̀ sí i bákan náà, ásíìdì ilé iṣẹ́ sì ń fi imí-ọjọ́ kún un. Bí imí-ọjọ́ bá kọjá ìdá 0.3 nínú 100 oúnjẹ màlúù tí ń jẹ ọkà púpọ̀, tàbí 0.5 fún èyí tí ń jẹ koríko, ọpọlọ ẹran náà wà nínú ewu: ojú rẹ̀ lè fọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ lè má gbà á mọ́, ó sì lè kú.

Oògùn ara irúgbìn pẹ̀lú lè ki sínú èérí báyìí. Ní ìlú Mead, ní Nebraska, irúgbìn àgbàdo tí a ti fi oògùn apakòkòrò pa lára ni ilé iṣẹ́ AltEn fi ń ṣe ethanol. Oògùn náà ki sínú èérí tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi ṣeé fi bọ́ ẹran, òkìtì rẹ̀ sì ń rà nílẹ̀ títí ìjọba ìpínlẹ̀ fi dá iṣẹ́ ibẹ̀ dúró ní oṣù Kejì ọdún 2021. Nebraska jìnnà sí wa, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ màlúù tí a bí ní Georgia ni wọ́n ń kó lọ síbẹ̀, àti sí Kansas àti Texas, láti lọ sanra kí a tó pa wọ́n fún ọjà. Ohun tí ẹyẹ bá jẹ ni ẹyẹ ń gbé fò.

Ìdájọ́ wa nìyí: kí a máa fi èérí bọ́ màlúù, ṣùgbọ́n kí ẹni tí ń tà á kọ ìwọ̀n imí-ọjọ́ àti aflatoxin inú ẹrù kọ̀ọ̀kan sínú ìwé tí ó fi tà á. Kí olùsìn ẹran yẹ omi kànga rẹ̀ wò kí ó tó pinnu iye tí yóò bù fún ẹran, nítorí imí-ọjọ́ a máa wà nínú omi pẹ̀lú. Kí àwọn aláṣẹ ètò ọ̀gbìn Georgia má dúró de òkú màlúù kí wọ́n tó béèrè ìwé náà. Ẹrù tí kò bá ní ìwé, kí ẹnikẹ́ni má rà á.